Ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún: Kí ni kí ọ̀rẹ́ máa pe ọ̀rẹ́ bí àgbà bá dé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Bí a bá ti pa òwe yìí, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé àwọn ọ̀rẹ́ yóò tú ká: ọ̀kan á gba Èkó lọ, ọ̀kan á rìnrìn àjò lọ sókè òkun, òmíràn á wábi kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí òwe náà fi ń ṣẹ, tí kò gbà pé kí ẹnikẹ́ni kúrò ní àdúgbò. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó jọ gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà á pàdé ara wọn lójú títì, wọn kò sì ní mọ ohun tó yẹ kí wọ́n máa pe ara wọn mọ́.

Àpáta, nílùú Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ènìyàn ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere. Ẹ̀bá ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Abẹ́òkúta ni àdúgbò náà wà. Ibẹ̀ ni Government College Ìbàdàn, tí ìjọba àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ lọ́dún 1929, fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni ibùdó tí wọ́n ń kó epo sí wà, èyí tí àwọn awakọ̀ tánkà mọ̀ bí ẹni mowó. Bí ènìyàn bá tún lọ síwájú díẹ̀, Ọmi-Adió ló kàn. Àwọn tó ń gbé Àpáta kì í ṣe ọmọ agboolé kan náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò, awakọ̀ àti ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ wọn ló wá láti ìlú mìíràn.

Ká ní àwọn ọkùnrin méjì kan pàdé ní ibùdókọ̀ Àpáta láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Wọ́n jọ lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà náà, Wálé àti Múfú ni wọ́n ń pe ara wọn, àfi bí ìjà bá dé tí wọ́n bá fi ìnagijẹ bú ara wọn. Wálé ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí, ó ti gbéyàwó, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Ṣadé sì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Múfú náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò tíì gbéyàwó, iṣẹ́ tó kọ́ nílé-ìwé gíga kọ́ ló sì ń ṣe jẹun.

Múfú á kọ́kọ́ kí i pé, "Bàbá Ṣadé, ẹ kú àárọ̀ o." Wálé á fẹ́ dá a lóhùn, ẹnu rẹ̀ á sì kọ́. Bàbá ta ni kó pe Múfú? Bó bá pè é ní Múfú lásán lójú ìyàwó àti ọmọ, ọmọ náà á gbé e pè lọ́la. Bó bá pè é ní Alhaji, Múfú kò tíì dé Mẹ́kà. Níkẹyìn á ní, "Ọ̀gá mi, báwo ni?" Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín orí ahọ́n lásán ni ti Múfú. Ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun wá ohun tí yóò pe òun, kò sì rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Nílẹ̀ Yorùbá, ohun tí àwọn ènìyàn ń pe ẹnìkan ni wọ́n fi ń sọ fún un pé ó ti dàgbà. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan pè é, ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ pé kò tíì kúrò lọ́mọdé.

ORÚKỌ TI ỌMỌDÉ, ORÚKỌ TI ÀGBÀ

Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá parí lọ́dún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé pé oríṣi orúkọ mẹ́ta ni ọmọ Yorùbá ń jẹ́. Èkíní ni àmútọ̀runwá, irú bíi Táíwò, Kẹ́hìndé, Àjàyí àti Ìgè. Èkejì ni àbísọ, tó ń sọ bí ilé ṣe rí nígbà tí wọ́n bí ọmọ. Ẹ̀kẹta ni oríkì, irú bíi Àjàní, Àlàbí, Àṣàkẹ́ àti Àbẹ̀kẹ́, tí wọ́n fi ń kẹ́ ọmọ, tí wọ́n sì fi ń mú orí rẹ̀ wú.

Ọwọ́ àwọn àgbà ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ti ń wá. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ kò lẹ́nu níbẹ̀, nítorí pé ọmọ ọwọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ti ń dàgbà, iye àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi orúkọ wọ̀nyí pè é á máa dín kù. Àwọn òbí rẹ̀ lè pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè pè é, àwọn àgbà ilé lè pè é, ẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè pè é. Àwọn tó kù gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn, nítorí pé Yorùbá kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí.

Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń yẹ ìwé ìbí wò kó tó mọ̀ pé ọmọ ti kúrò lọ́mọdé. Ohun tí ènìyàn ń ṣe ni wọ́n ń wò. Ọmọ tó bá ti dá oko tirẹ̀ ti di géńdé. Ọmọge tó bá ti wọlé ọkọ ti di ìyàwó, bó bá sì bímọ, ó di abiyamọ. Ọkùnrin tó bá ní ilé lórí, tó ní aya, tó ń bọ́ ẹnu púpọ̀, ni wọ́n ń pè ní baálé ilé. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pe ènìyàn ń yí padà. Kò sì sí ẹni tó ń jókòó ronú lórí rẹ̀, ìlú ló ń bá a yí i.

Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìdí tí ọ̀rọ̀ àgbà fi rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa. N. A. Fádípẹ̀, tó kọ́ ẹ̀kọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939, ṣàlàyé bí ẹni tó jù àti ẹni tó kéré ṣe mọ ipò ara wọn nínú agboolé. Wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní Ìbàdàn lọ́dún 1970, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di olóògbé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí náà tọ́ka sí i nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1997 pé èdè Yorùbá kò ní "òun" ti ọkùnrin àti "òun" ti obìnrin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ya "o" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ". Kí ẹni méjì tó lè bá ara wọn sọ gbólóhùn kan, wọ́n ti gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jù láàárín wọn.

Ibi tí wàhálà ti ń bá ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ kì í ju ọ̀rẹ́ lọ. "O" ni wọ́n ti ń pe ara wọn láti kékeré. Bí ọ̀kan bá wá ti gun àtẹ̀gùn kan tí èkejì kò tíì gùn, ṣé kí "o" di "ẹ" ni?

BÀBÁ ṢADÉ ÀTI ÌYÁ ÌBEJÌ

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù tí Yorùbá fi ń bọ́ nínú ìṣòro yìí ni kí wọ́n fi orúkọ ọmọ pe òbí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ àkọ́bí lórúkọ ni ìyá àti bàbá rẹ̀ ti gba orúkọ tuntun. Bí ó bá jẹ́ ìbejì ni wọ́n bí, Ìyá Ìbejì ló máa ń mọ́ ìyá náà lórí títí ayé, kódà bó bá ti bí ọmọ mìíràn ṣáájú wọn. Ọgbọ́n ńlá wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bàbá Ṣadé láì fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀, nítorí pé kò sọ pé ọ̀rẹ́ náà ju òun lọ. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kàn dárúkọ.

Ìdí rèé tí àwọn àgbà fi ní àpọ́nlé ni Ìyá Káà, kò sí ẹni tó wà ní káà tí kò lórúkọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé obìnrin náà ní orúkọ tirẹ̀. Wọ́n kàn fi ti ilé pè é láti bọ̀wọ̀ fún un ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ń béèrè pé kí ọmọ tètè dé, kí igbéyàwó sì tètè ṣáájú ọmọ. Lóde òní, ilé-ìwé ń gba ọdún púpọ̀, iṣẹ́ kò tètè yá, owó ilé sì ti wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pé ọgbọ̀n ọdún nínú yàrá kan náà tí wọ́n ti ń kàwé ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ara ti dàgbà, ọpọlọ ti dàgbà, orúkọ kò tẹ̀ lé e.

ỌJỌ́ ORÍ TI ÌJỌBA, ỌJỌ́ ORÍ TI ILÉ

Bí ènìyàn bá bi ìjọba léèrè pé nígbà wo ni ọmọ di àgbà, èsì kan kọ́ ló máa gbà. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 ní ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún lè dìbò. Ètò àgùnbánirọ̀ ń gba ẹni tó bá jáde ní yunifásítì kó tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tó jáde lọ́dún 2009 ní ọ̀dọ́ ni ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 35. Nígbà tí ti ọdún 2019 dé, ó dín in kù, ó ní ọdún 15 sí 29 ni. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ọ̀dọ́, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2006, ní tirẹ̀ ọdún 15 sí 35 ni.

Èyí tó tún wá ya ènìyàn lẹ́nu ni òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí lọ́jọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018. Òfin yẹn dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò ààrẹ kù láti ogójì ọdún sí márùndínlógójì. Ó dín ti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin àti ti ìpínlẹ̀ kù láti ọgbọ̀n ọdún sí márùndínlọ́gbọ̀n. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún márùndínlógójì ní Àpáta lè jáde pé òun fẹ́ ṣe ààrẹ Nàìjíríà. Bó bá sì padà délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ lè ní kí "ọmọ yìí" lọ bá òun tan ẹ̀rọ amúnáwá.

Fún ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ tó kàwé, Kọ́pà ni orúkọ ọlá àkọ́kọ́ tí gbogbo ìlú gbà láti pè wọ́n. Àgbà á pè é ní Kọ́pà, ọmọdé á pè é ní Kọ́pà, ẹni tó ń ta búrẹ́dì náà á pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni. Bó bá ti bọ́ kákí náà sílẹ̀, orúkọ náà bọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé, "Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?"

Nítorí náà ni àwọn ọ̀dọ́ fi wá orúkọ fún ara wọn. Bọ̀dá àti Àǹtí, tí a yá lò láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ti pẹ́ lẹ́nu wa fún ẹni tó bá fi ọdún díẹ̀ ju ni lọ. Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé, ti bọ́ sí ìgboro. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Dùgbẹ̀, ẹni tí a kò mọ̀ rí ni Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ní owó ni Ọ̀gá, ẹni tí kò ní náà ni Ọ̀gá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọn kò tíì bímọ ń pe ara wọn ní Bàbá, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Alága láì sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe alága rẹ̀. Àwọn àgbà kan máa ń gbọ́ ọ, wọ́n á pòṣé pé ayé ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, àwọn ọmọ náà ń wá ohun tí àwọn baba wọn rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Wọ́n ń wá orúkọ tó bá ara wọn mu.

ẸNI TÍ WỌN KÒ RÍ NǸKAN PÈ

Ti ọkùnrin ṣì kéré sí ti obìnrin. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, gbogbo ẹbí ló máa ń pe ìyàwó ní Ìyá Ìbejì. Àdúrà ni, ìyàwó náà á sì fi ayọ̀ ṣe àmín. Bí ọdún kan bá kọjá, àdúrà náà ṣì dùn létí. Bó bá di ọdún keje láìsí ọmọ, orúkọ kan náà ti di ẹ̀gún. Àwọn ọ̀rẹ́ tó bá a jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ti di Ìyá Tóyìn, Ìyá Ṣẹ́gun àti Ìyá Àmínà. Bí wọ́n bá kóra jọ níbi ìnáwó, wọ́n á pe ara wọn bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kàn án, ẹnu á rọra dákẹ́. Ẹlòmíràn á yára pè é ní "Ọ̀rẹ́ mi", òun náà á sì mọ ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìlú Ìbàdàn gan-an ni kò yẹ kó gbàgbé pé orúkọ ìyá kì í ṣe ti ẹni tó bímọ nìkan. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ère rẹ̀ wà ní Challenge títí di òní, bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà sì kú lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ọmọ láyé tí wọ́n lè fi orúkọ rẹ̀ pe Ẹfúnṣetán mọ́. Síbẹ̀ gbogbo Ìbàdàn ń pè é ní Ìyálóde, ìyá gbogbo àwọn tó wà lóde. Oko rẹ̀ tóbi, ẹrú rẹ̀ pọ̀, àwọn jagunjagun sì ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. Ìtàn rẹ̀ kò parí síbi tó dára. Ààrẹ Látòósà yọ ọ́ lóyè lọ́dún 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ ìtàn rẹ̀ di eré onítàn tó jáde lọ́dún 1970, èyí tó fi ìwà ìkà rẹ̀ hàn. Ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó bá wù ú nípa ìwà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé Ìbàdàn kò rí nǹkan pè é.

Irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìyálọ́jà ń bẹ, Ìyá Ẹgbẹ́ ń bẹ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ìjọ àti Bàbá Ìjọ ń bẹ. Nínú mọ́sáláṣí, Ìyá Àdínì àti Bàbá Àdínì ń bẹ. Kò sí èyí tó béèrè ẹ̀rí ọmọ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé a máa ń jẹ́ kí orí ènìyàn funfun kí á tó rántí wọn.

ỌGBỌ́N ÀWỌN ÌYÀWÓ ILÉ

Àwọn ìyá wa ní ọgbọ́n kan tó ti ń lọ sí ìgbàgbé. Nínú agboolé, gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí kí ìyàwó tó wọlé ni wọ́n jù ú lọ níbi ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Kò gbọ́dọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń jókòó, tí á wo ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí á sì fún un ní orúkọ tó bá a mu. Èyí tó dúdú tó ń dán, ó di Adúmáadán. Èyí tí ìdí rẹ̀ yẹ ìlẹ̀kẹ̀, ó di Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó ń lọ sílé-ìwé, ó di Akọ̀wé. Èyí tó jọ bàbá ọkọ rẹ̀, ó di Bàbá Kékeré.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìkankan nínú orúkọ wọ̀nyí tó dúró de ọmọ, owó tàbí ilé. Ojú ni ìyàwó fi wo ènìyàn, ó rí ohun tó dára lára rẹ̀, ó sì fi pè é. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wà nígbèríko tó jẹ́ pé orúkọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn sọ wọ́n ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń jẹ́ dòní olónìí. Ní àdúgbò bíi Àpáta, níbi tí olúkúlùkù ń gbé láàárín ògiri tirẹ̀, kò sí agboolé tó kún fún ìyàwó tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí. Láńlọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pe ẹni tó kọ́lé, ayálégbé sì wà láìlórúkọ títí tí yóò fi bímọ tàbí kó kó lọ.

ẸGBẸ́ LÓ Ń SỌ ẸGBẸ́ LÓRÚKỌ

Àwọn Ìjẹ̀bú ní tiwọn ti fi ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ẹgbẹ́. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, tí àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara wọn máa ń wà nínú rẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ọba Sikiru Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ tó wà lórí oyè láti ọdún 1960 títí tó fi wàjà lọ́dún 2025, ló sọ àṣà náà jí padà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, irú bíi Gbọ́baníyì, Ọbáfùwàjì àti Bọ́bakẹ́yẹ. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ìyẹn ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, wọ́n máa ń wọ aṣọ kan náà lọ kí ọba. Ẹni tó bímọ mẹ́wàá àti ẹni tí kò bímọ, olówó àti ẹni tó ń wá owó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ìgbà kan náà ni ìyá wọn bí wọn.

Ìbàdàn kò ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àtẹ̀gùn oyè ló ní. Mọgàjí ni olórí agboolé. Láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè di Jagun, yálà ní ọ̀wọ́ ti Olúbàdàn tàbí ní ọ̀wọ́ ti Balógun, kó sì máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Ọba Ràṣídì Ládọjà, tí wọ́n bí lọ́dún 1944, di Jagun lọ́dún 1993. Ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún 2003, ó sì kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2007. Ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ló gun orí ìtẹ́ Olúbàdàn, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Orúkọ gómìnà dé, ó sì lọ. Èyí tí ìlú ń gbé fún un ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kó tó di Kábíyèsí. Bó ti rí nílẹ̀ wa nìyí: ẹni tó bá ti jọba, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣeré kò lè pè é lórúkọ mọ́.

ORÚKỌ TÍ ÈNÌYÀN FÚN ARA RẸ̀

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọn kò dúró de ìlú. Lọ́dún 1860 ni wọ́n bí ọkùnrin kan, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní David Brown Vincent. Ó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ Onítẹ̀bọmi l'Ékòó. Lọ́dún 1894, ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó ní Mọ́jọlá Agbẹ̀bí ni kí gbogbo ayé máa pe òun. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ọjọ́ orí Wálé àti Múfú gan-an. Adéyẹmọ Alákijà náà, tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Assumpção nítorí pé Brazil ni wọ́n ti padà wálé, yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 1913, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tó di àárín ọdún 1970 sí 1979, Fẹlá, ọmọ Abẹ́òkúta, yọ Ransome kúrò lára orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ènìyàn lè yan orúkọ fún ara rẹ̀ kí ìlú sì tún fún un ní òmíràn. Adégòkè Adélabù, ọ̀kan lára àwọn tó kàwé ní Government College Ìbàdàn, mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ débi pé ẹnu ń ya ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú, ó lo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, "peculiar mess". Àwọn ará ìlú tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé e bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di Pẹ́nkẹ́lẹ́mẹ̀sì. Títí tí ìjàǹbá ọkọ̀ fi pa á lọ́dún 1958, àti títí di òní, orúkọ yẹn ni àwọn àgbà Ìbàdàn fi ń rántí rẹ̀.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí fi ohun kan hàn. Orúkọ àgbà kì í dúró lórí ẹnu ẹni tó ń jẹ́ ẹ nìkan. Agbẹ̀bí lè yan tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìjọ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá gbà láti fi pè é, inú ìwé ni ì bá kú sí. Ẹni tí yóò pè wá ló ṣe pàtàkì jù, ẹni tó sì súnmọ́ wa jù ni ọ̀rẹ́.

BÀBÁ ṢADÉ MÉJÌ

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, àwọn àgbà ní ipa tiwọn láti kó. Ọmọ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, tó ń ra oògùn fún ìyá rẹ̀, kò yẹ ní ẹni tí a ń pè ní "ọmọ yìí" láàárín àwùjọ nítorí pé kò tíì gbéyàwó. Bó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe, a lè fi iṣẹ́ rẹ̀ pè é. Bó bá ń kọ́ ọmọ, Tíṣà ni. Bí a bá sì mọ oríkì rẹ̀, kò sí ohun tó dùn tó kí ènìyàn gbọ́ Àlàbí tàbí Àbẹ̀kẹ́ lẹ́nu àgbà tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè "Ìyàwó ńkọ́?" lè dúró di ìgbà tí a bá jókòó lábẹ́lé.

Ní ti àwọn ọ̀rẹ́, ọ̀nà kan wà tí Wálé ì bá gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ní ibùdókọ̀ Àpáta. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rẹ́ bàbá, bàbá ni. Àwọn tó jọ dàgbà kì í bí ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ara wọn. Nígbà tí Múfú ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ kú àárọ̀ o," Wálé ì bá kàn wo ojú rẹ̀, kó sì dá a lóhùn pé, "Bàbá Ṣadé, ẹ kú àárọ̀."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Orúkọ náà á bá Múfú lọ sílé, iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Bí Ṣadé bá ń ṣàìsàn, yóò mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ yà wò ó. Bí owó ilé-ìwé bá dé, yóò wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Múfú náà bá sì bímọ lọ́jọ́ iwájú, Wálé ti mọ ohun tí wọn yóò máa pe òun. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bí igba ojú bá ń wo ọmọ kan, ó yẹ kí ọmọ náà ní orúkọ láti yá ju ẹnìkan lọ.